Ọmọ-ìka Tó Gun Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Kò ṣàdédé gùn ún.
Ọdún mẹ́wàá ló fi ń yọ́ bọ̀,
ọmọ-ìka kejì ní ẹsẹ̀ òsì mi.
Ó kọ́kọ́ tẹ orí ba bí ẹni ń kí àgbà,
ó wá ká kò bí ìwọ̀ ìpẹja;
nígbà tí n ó fi wolẹ̀
ó ti jókòó sẹ́yìn àtàǹpàkò, ó ní kó pọn òun.

Lẹ́tà ni mo ń pín ní Wínípẹ́ẹ̀gì.
Irinwó ilé ó lé díẹ̀ lójúmọ́,
àtẹ̀gùn onígi, àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì,
ajá tó mọ òórùn àpò mi,
yìnyín tó le bí egungun
láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kẹrin.
Bàtà òtútù ò mọ̀ pé ìka kan dìde nínú òun.
Ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí, ó ń gbo ó,
títí orí rẹ̀ fi yọ kókó
tó le bí ekùrọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá Dókítà Friesen,
kì í ṣe ìrora ló gbé mi lọ.
Motúnráyọ̀ ọmọ mi fẹ́ gboyè,
mo sì ti ra bàtà pupa kan tó ṣí níwájú.
Fadérera, àbúrò mi ní Ìkirè, ń pariwo lórí fóònù:
"Ṣebí abẹ wà ní Kánádà? Ẹ ní kí wọ́n nà án fún yín!"
Dókítà yí ẹsẹ̀ mi sí ìmọ́lẹ̀,
ó fi ọwọ́ tẹ ìka náà;
ó ṣì ń nà, ó ṣì ń gbọ́ràn.
Ó ní, "Ṣé ó ń dùn yín?"
Mo ní, "Ó ń dùn mí lójú."
Ó rẹ́rìn-ín. "N kì í fi abẹ wo ojú sàn níhìn-ín."
Ó ní egungun tí a gé kì í tètè dárí jini,
ìka mìíràn a wú fún oṣù mẹ́fà,
òmíràn a nà tán, a wá gan bí igi,
òmíràn a tún padà sídìí ìwà rẹ̀.
Bàtà tó fẹ̀ ló kọ fún mi,
àti rọ́bà rírọ̀ kan bí òrùka.
Mo gbé ìtìjú mi, mo wọ bọ́ọ̀sì.
Àwọn àgbà kúkú ti wí i:
ọmọ ẹni ì báà burú, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ.

Òtútù méjì kọjá.

Kí n má parọ́,
kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ ni mo mọ̀.
Mo fọ ìbọ̀sẹ̀, mo lẹ báńdéèjì, mo lọ síṣẹ́.
Kì í ṣe ọjọ́ tí ìka náà kọ̀ tí kò nà mọ́
nínú omi gbígbóná.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni,
nídìí àtẹ̀gùn Ìyáàfin Kowalchuk,
ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún,
káàdì ọjọ́ ìbí mẹ́ta lọ́wọ́ mi.
Mo dúró nísàlẹ̀,
mo gbọ́ tí ọkàn mi ń sọ pé:
kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ràn arúgbó yìí tó báyìí?

Mo wá rí i pé mo ti ń kórìíra
gbogbo ẹni tí ènìyàn ń rántí.

Dókítà ò béèrè ìrora lọ́tẹ̀ yìí.
Ó ní, "Kí lẹ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró nítorí ìka yìí?"
Mo ní n kì í gba etídò lọ sílé mọ́.
Mo ní ìjókòó ni mo fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ti káàdì yẹn, n ò sọ ọ́.
Ó wo fọ́tò egungun mi lára ògiri,
ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Ẹ̀yin lẹ ó dá ọjọ́."
Ó dùn mí díẹ̀ pé kò pàṣẹ.

Mo mú Oṣù Karùn-ún, nígbà tí Odò Pupa bá ti yọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé, wáyà kan nínú ìka,
ẹlòmíràn ni yóò máa pín lẹ́tà mi.
Bàtà pupa yẹn, mo ti fi tọrẹ.

Lálẹ́, mo fi òróró pa á,
mo bi í bóyá ó ti gbọ́.
Ó ṣì jókòó sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
ó pọ́n, ó gbóná,
bí ọmọ tí oorun gbé lọ kó tó délé.